Ife Inú Àpò Benjamini: Iṣẹ́ Wa Nígbà Tí A Bá Há Ẹni Wa Mọ́ Ìlú Òkèèrè Láìjẹ̀bi

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé àárín ọ̀sẹ̀

Ibi kíkà: Gẹnẹsisi 44, Iṣe Àwọn Aposteli 22:25–29 àti 23:16–22, Heberu 13:3.

1. Ìtàn tí a fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Àwọn ọmọ Jakọbu ra ọkà tán ní Egipti, wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n sì mú ọ̀nà ilé pọ̀n. Wọn kò tíì jìnnà sí ìlú tí ìríjú Josẹfu fi lé wọn bá, tí ó sì tú àpò wọn wò, láti orí ti ẹ̀gbọ́n pátápátá títí dé ti àbúrò. Nínú àpò Benjamini ni wọ́n ti rí ife fàdákà. Benjamini kò jalè. Kò mọ ìgbà tí wọ́n ki ife náà bọ inú ẹrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n àpò náà, tirẹ̀ ni. Ilẹ̀ náà, ilẹ̀ àjèjì ni. Ẹnu wo ni yóò fi sọ pé òun kò mọ̀ nípa rẹ̀ tí wọn yóò gbà á gbọ́?

2. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun kan tí a máa ń kà kọjá. Ìríjú náà ti sọ fún àwọn tó kù pé wọn kò ní ẹ̀bi, pé ẹni tí a bá rí ife náà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni yóò di ẹrú (ẹsẹ 10). Wọn ìbá ti máa bá tiwọn lọ. Ọkà wà lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọn, ebi sì ń pa àwọn ará ilé. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn tún ẹrù dì, gbogbo wọn sì padà sí ìlú (ẹsẹ 13). Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, Juda tí ó ti ṣe onígbọ̀wọ́ ọmọ náà lọ́dọ̀ bàbá wọn ni ó sún mọ́ iwájú láti sọ̀rọ̀.

3. Àwa Yorùbá tí a ń gbé Sókótó, arìnrìn-àjò ni wá. Àwọn oníṣòwò wa ń gba Illela kọjá sí ilẹ̀ Niger. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láàárín wa ní ọmọ tó ń kàwé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ní òkè òkun. Àwọn aládùúgbò wa, àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbátan wa tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí ilẹ̀ Saudi lọ́dọọdún. Nítorí náà, kò sí ilé kan nínú wa tí ó lè sọ pé ọ̀ràn yìí kò kan òun. Bí wọ́n bá há ẹni wa mọ́ ìlú òkèèrè lórí ohun tí kò ṣe, kí ni ó yẹ kí àwa tí a kù nílé ṣe? Ohun tí a fẹ́ kí olúkúlùkù mú lọ sílé ni pé: lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rí tí yóò tú ẹni náà sílẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tí ó wà. Ilé ni ẹ̀rí náà wà. Bí àwọn ará ilé kò bá wá a, kò sí ẹlòmíràn tí yóò wá a.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ KÁNÒ

4. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejìlá ọdún 2018, ọmọbìnrin kan tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Maitama Sule ní Kánò wọ ọkọ̀ òfurufú pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti arábìnrin rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú Mallam Aminu Kano. Ilẹ̀ Saudi ni wọ́n ń lọ fún ìsìn úmúrà. Wọ́n gúnlẹ̀ ní àlàáfíà, wọ́n sì wọ̀ sí ilé àlejò ní Medina. Ní ọjọ́ 26 oṣù náà, àwọn ọlọ́pàá wá mú ọmọbìnrin yìí níbẹ̀. Wọ́n ní wọ́n ti rí àpò kan tí ó bá ọkọ̀ òfurufú dé, tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìwé pélébé tí wọ́n so mọ́ ọn, àti pé oògùn Tramadol ni ó wà nínú rẹ̀. A kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín. Àwọn ìwé ìròyìn ti dá a tó, ojú rẹ̀ sì ti rí tó.

5. Kí ó má ṣe dà bí ẹni pé ọ̀ràn kékeré ni. Ní ilẹ̀ Saudi, ikú lè jẹ́ ìjìyà ẹni tí ó bá kó oògùn olóró wọ ìlú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2019, wọ́n pa obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan ní Mẹ́kà lórí ẹ̀sùn oògùn, pẹ̀lú ọkùnrin méjì ará Pakistan àti ọ̀kan ará Yemen. A kò gbọ́ ẹjọ́ obìnrin náà, a kò sì lè sọ bí ó ti rí. Ohun tí a mọ̀ ni pé ọmọ Kánò náà ṣì wà ní àtìmọ́lé lọ́jọ́ tí ìròyìn yẹn dé Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá bímọ ni ó mọ irú alẹ́ tí àwọn òbí rẹ̀ sùn lọ́jọ́ náà.

6. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò fi ẹkún nìkan ṣe é. Ó kọ ìwé sí àwọn aláṣẹ, ó ní kí wọ́n wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú ní Kánò kí ọkọ̀ tó gbéra. Àjọ NDLEA, tí ó ń gbógun ti oògùn olóró, wọ inú ọ̀ràn náà. Wọ́n rí i pé àwọn ẹgbẹ́ búburú kan wà níbẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ pápá ọkọ̀ òfurufú kan sì wà lára wọn. Iṣẹ́ wọn ni láti mú orúkọ èrò ọkọ̀ tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀, kí wọ́n fi ṣe orúkọ oní-àpò fún ẹrù oògùn tiwọn. Bí ẹrù náà bá kọjá, ẹni tiwọn tí ó wà lọ́hùn-ún yóò gbé e. Bí wọ́n bá mú un, orúkọ aláìṣẹ̀ ni ó wà lára rẹ̀. Àjọ náà mú àwọn kan, wọ́n sì gbé wọn lọ sí ilé-ẹjọ́.

7. Síbẹ̀, ọ̀nà ìdáǹdè jìn. Oṣù mẹ́rin kọjá. Ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde ní Kánò, ariwo sì gba gbogbo ilẹ̀ kan. Ààrẹ Muhammadu Buhari pàṣẹ fún Abubakar Malami, agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, pé kí ó dìde sí ọ̀ràn náà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin, wọ́n fi ọmọbìnrin náà sílẹ̀. Wọ́n tún fi ọkùnrin ọmọ Nàìjíríà mìíràn sílẹ̀ nínú akitiyan kan náà, ẹni tí wọ́n ti mú láti ọdún 2017 lórí irú ọ̀ràn àpò bẹ́ẹ̀.

8. Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà lọ́wọ́ ọmọ náà ní Medina. Kò ní ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Àpò ń jẹ́rìí sí i, ìwé pélébé ń jẹ́rìí sí i, òun nìkan ni ó ń sọ pé rárá. Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ṣùgbọ́n báwo ni adájọ́ òkèèrè yóò ṣe gbọ́ ẹnu kejì, bí ẹnu kejì náà bá wà ní Kánò tí kò sì sí ẹni tí ó gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ariwo tí a pa ṣe tirẹ̀, nítorí òun ni ó mú kí àwọn ńlá dìde. Bí wọ́n bá sì ti dìde láìsí ìwádìí tí a ti ṣe nílé, kí ni wọn ìbá fi lé ìjọba Saudi lọ́wọ́? Ẹ̀bẹ̀ lásán ni ìbá jẹ́.

9. Ọ̀ràn náà kò sì parí síbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, àwọn ọmọ Nàìjíríà mẹ́ta tí wọ́n wọ ọkọ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú Kánò kan náà bọ́ sí àtìmọ́lé ní Jeddah, nítorí àpò oògùn tí wọ́n so orúkọ wọn mọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, àjọ NDLEA lábẹ́ Buba Marwa ṣe ìwádìí kíá, wọ́n mú àwọn tí ọwọ́ wọn wà nínú rẹ̀ ní Kánò, wọ́n sì gbé ẹ̀rí náà lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilẹ̀ Saudi. Ní àárín oṣù kẹsàn-án, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gba òmìnira. Ẹ fi ìgbà méjèèjì wéra. Ti àkọ́kọ́ gba oṣù mẹ́rin, èkejì kò gba ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹ̀rí bá yára dé, ìdáǹdè náà a máa yára.

ẸTỌ́ TÍ ÒFIN FÚN ẸNI TÍ A HÁ MỌ́

10. Ní ọdún 1963, àwọn orílẹ̀-èdè péjọ ní ìlú Vienna ní ilẹ̀ Austria, wọ́n sì ṣe àdéhùn kan lórí iṣẹ́ kọ́ńsúlù, ìyẹn aṣojú ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀ràn àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ ní ilẹ̀ ẹlòmíràn. Nàìjíríà wà nínú àdéhùn yìí. Saudi àti Niger náà wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ka 36 rẹ̀ ni ó kàn wá jù. Ó ní bí a bá mú àjèjì, a gbọ́dọ̀ sọ fún un láìjáfara pé ó ní ẹ̀tọ́ láti mú kí kọ́ńsúlù rẹ̀ gbọ́. Bí ó bá béèrè fún un, a gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ sí kọ́ńsúlù náà. Kọ́ńsúlù sì ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀ ẹ́ wò, láti bá a sọ̀rọ̀, láti kọ ìwé sí i, àti láti bá a wá lọ́yà.

11. A rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn Paulu. Ní Filippi, wọ́n ti nà án, wọ́n sì ti tì í mọ́lé kí a tó gbọ́ pé ó mẹ́nu kan ẹ̀tọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Romu (Iṣe 16:37). Ní Jerusalẹmu, kò dúró kí ẹgba tó bà á. Bí wọ́n ti ń dè é ni ó ti sọ̀rọ̀, ẹ̀rù sì ba olórí ogun náà (22:25–29). Nítorí náà, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín tí wọ́n ń rìnrìn àjò ní gbólóhùn kan kí wọ́n tó kúrò nílé: “Ọmọ Nàìjíríà ni mí, mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí kọ́ńsúlù mi gbọ́.” Kí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n sì máa tún un sọ. Kí wọ́n má ṣe tọwọ́ bọ ìwé tí a kọ ní èdè tí wọn kò lè kà.

12. Ẹnìkan lè béèrè pé, ǹjẹ́ àdéhùn orí ìwé yìí ní agbára kankan? Ẹ gbọ́ ìtàn oníṣòwò kan. Ahmadou Sadio Diallo, ọmọ ilẹ̀ Guinea, gbé ìlú Kinshasa ní Kóńgò fún ọdún púpọ̀, ó ní ilé-iṣẹ́ níbẹ̀, ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sì jẹ ẹ́ ní gbèsè. Nígbà tí ó ń bèèrè owó rẹ̀, wọ́n mú un ní oṣù kọkànlá ọdún 1995, wọ́n tì í mọ́lé fún ọjọ́ 66, wọ́n sì lé e kúrò ní ìlú ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 1996. Orílẹ̀-èdè rẹ̀ gbé ẹjọ́ náà lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague ní ọdún 1998. Ní ọdún 2010, ilé-ẹjọ́ náà dá Kóńgò lẹ́bi, ó sì ní wọn kò sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lábẹ́ Ẹ̀ka 36 fún un. Ní ọdún 2012, wọ́n ní kí Kóńgò san 95,000 dọ́là. Owó náà kéré lójú ẹni tí ó pàdánù òwò rẹ̀, ọdún tí wọ́n fi ṣe ẹjọ́ náà sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé oníṣòwò lásán kì í ṣe ẹrù tí a lè sọ nù sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, bí ìjọba rẹ̀ bá dúró tì í.

13. Ó tún yẹ kí a mọ ibi tí agbára kọ́ńsúlù mọ, kí a má ṣe bínú sí i lásán. Kọ́ńsúlù kò lè ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n. Kò lè sọ fún adájọ́ bí yóò ṣe dájọ́. Àdéhùn kan náà tí ó fún un ní ẹ̀tọ́ ni ó kà á léèwọ̀ fún un láti tojú bọ ọ̀ràn abẹ́lé ìlú tí ó wà. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó mọ ibi tí ẹni wa wà, kí ó rí i pé wọn kò fìyà jẹ ẹ́, kí ó wá lọ́yà, kí ó sì gbé ẹ̀rí tí a bá fi ránṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ibẹ̀. Bí a kò bá fi nǹkan kan ránṣẹ́, òfìfo ni ọwọ́ rẹ̀ yóò wà.

BÍ A ṢE LÈ ṢE É LẸ́SẸẸSẸ

14. Ọmọ arábìnrin Paulu ni àpẹẹrẹ wa níhìn-ín (Iṣe 23:16–22). Ó gbọ́ pé àwọn kan ti dìtẹ̀ láti pa ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ tí ó wà ní àtìmọ́lé. Kò lọ pariwo ní ọjà. Ó lọ bá Paulu fúnra rẹ̀, Paulu sì ní kí wọ́n mú un lọ bá olórí ogun. Ó sọ iye àwọn ọlọ́tẹ̀ náà, ó sọ ìgbà tí wọn yóò ṣe é, ó sọ ohun tí wọn yóò fi bojú. Ó sọ ohun tí ó dájú fún ẹni tí ó ní àṣẹ, kí àkókò tó kọjá. Bí a bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, a ti ṣe púpọ̀.

15. Èkíní, kí a mọ ibi tí ẹni wa wà àti ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án. Àgbọ́sọ kò tó. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ rìn, onílé tí ó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, olórí àwọn Yorùbá tàbí ẹgbẹ́ ọmọ Nàìjíríà ní ìlú náà ni a ó kọ́kọ́ wá. Kí a kọ ọjọ́, wákàtí, àti orúkọ àgọ́ ọlọ́pàá náà sílẹ̀.

16. Èkejì, kí a kó ìwé jọ kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó parí: fótókọ́pì pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìwé tí wọ́n fún un nígbà tí ó fi ẹrù sílẹ̀, iye àpò tí ó gbé kúrò nílé àti ìwọ̀n wọn. Kí àwọn tí wọ́n sìn ín dé pápá ọkọ̀ òfurufú tàbí ibùdókọ̀ sọ ohun tí wọ́n rí, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì búra sí i ní kóòtù. Iyè a máa ṣá. Àwòrán tí ẹ̀rọ pápá ọkọ̀ òfurufú yà kì í sì í wà níbẹ̀ títí ayé. Ohun tí a lè rí gbà lónìí lè ti parẹ́ lóṣù tí ń bọ̀.

17. Ẹ̀kẹta, kí a kọ ìwé sí ibi tí ó yẹ, kí a sì kọ ọ́ ní ṣókí. Ilé ikọ̀ Nàìjíríà ní orílẹ̀-èdè náà ni àkọ́kọ́. Ní ilẹ̀ Saudi, ilé ikọ̀ wà ní Riyadh, ọ́fíìsì kọ́ńsúlù sì wà ní Jeddah. Ní ilẹ̀ Niger, Niamey ni ilé ikọ̀ wà. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ ìjọba fún ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè ní Àbújá, àti àjọ NiDCOM tí ó ń rí sí ọ̀ràn àwọn ọmọ Nàìjíríà ní òkè òkun. Bí ó bá jẹ́ ọ̀ràn oògùn, kí ìwé dé ọ̀dọ̀ àjọ NDLEA ní ìpínlẹ̀ tí ẹni náà ti gbéra. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ̀yin ni ẹ mọ ọ̀nà yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ mọ̀ pé ìwé tí kò ní òǹtẹ̀ pé a ti gbà á, a lè sọ pé kò dé rí. Ẹ bá ará yín kọ ọ́, kí ẹ gba òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì padà lọ béèrè bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá.

18. Ẹ̀kẹrin, kí a wá lọ́yà tí ó ní àṣẹ láti sọ̀rọ̀ ní kóòtù ìlú náà. Lọ́yà Sókótó kò lè dìde ní kóòtù Jeddah, ṣùgbọ́n ó lè bá wa to ẹ̀rí ilé jọ kí ó lè dúró ṣinṣin. Kí a sì ṣọ́ra fún àwọn tí yóò wá sọ pé àwọn mọ ẹnìkan tí yóò “yanjú rẹ̀” bí a bá san owó kan. Ẹni tí ẹni rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n kì í ronú dáadáa, àwọn oníjìbìtì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ká àbẹ̀tẹ́lẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́, a ti sọ aláìṣẹ̀ di ẹlẹ́ṣẹ̀ nìyẹn.

19. Ẹ̀karùn-ún, ní ti ariwo. Ariwo ṣiṣẹ́ ní ọdún 2019, a kò sì ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ariwo dà bí iná tí a fi ń se ọbẹ̀. Ó ní bí ó ṣe yẹ kí ó mọ. Kí a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ kọ́ńsúlù àti lọ́yà bóyá àkókò tó. Bí àwọn aláṣẹ ilé bá sùn lórí ìwé wa, kí a jí wọn. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe bú ìlú tí ẹni wa wà ní abẹ́ rẹ̀, kí a má ṣe bú ẹ̀sìn wọn, kí a má sì sọ ohun tí kò dá wa lójú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

20. Fún àwọn oníṣòwò wa tí wọ́n ń kọjá ní Illela, ọ̀rọ̀ kan wà. Àjọ ECOWAS ní ilé-ẹjọ́ kan ní Àbújá, àti láti ọdún 2005 ni ẹnikẹ́ni ti lè gbé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, láì kọ́kọ́ gba gbogbo kóòtù ilé já. Ṣùgbọ́n Niger, pẹ̀lú Mali àti Burkina Faso, ti jáde kúrò nínú ECOWAS ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025. Nítorí náà, kí oníṣòwò tí ó ń lọ sí Konni má ṣe gbójú lé ilé-ẹjọ́ yẹn bíi ti àtijọ́. Àdéhùn Vienna ni kí ó rọ̀ mọ́, kí ìwé rẹ̀ pé, kí ó sì ní nọ́ńbà ilé ikọ̀ ní Niamey lọ́wọ́.

ONÍGBỌ̀WỌ́

21. Àwọn kan yóò sọ pé, “Bí ó bá jẹ́ pé ó ṣe é ńkọ́?” Ìbéèrè rere ni. A kò gbọ́dọ̀ búra fún ẹni tí a kò mọ ìdí ọ̀ràn rẹ̀. Kí a bi àwọn ará ilé léèrè òótọ́, kí a sì bi í ní tòótọ́ bí a bá lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́bi pàápàá ní ẹ̀tọ́ sí kọ́ńsúlù, sí ògbufọ̀, àti sí ìdájọ́ òdodo. Ẹ má ṣe jẹ́ kí iyèméjì di àwáwí fún wa láti jókòó. Àwọn ará Kánò tí wọ́n ń sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé “ta ni ó mọ̀ bóyá ó gbé e” kò lè jẹ́rìí sí nǹkan kan. Ẹni tí ó lọ wádìí ni ó wá mọ̀.

22. Ìgbọ̀wọ́ sì máa ń náni ní nǹkan. Ní ọdún 1867, Abokko, ìjòyè kan ní agbègbè Ìdàh létí odò Ọya, dá Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther dúró, ó sì ní àfi kí wọ́n san owó ìràpadà. Fell, igbákejì kọ́ńsúlù ní Lokoja, lọ gbà á sílẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù bọ́, ṣùgbọ́n ọfà olóró ba Fell, ó sì kú. Kò sí ẹni tí ó ń béèrè ẹ̀mí lọ́wọ́ wa lónìí. Ohun tí ọ̀ràn yìí ń béèrè ni àkókò, owó ọkọ̀ dé Àbújá, ìwé kíkọ, àti sùúrù. Ó tún ń béèrè pé kí a má ṣe jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù ará wa tì pa, kí a san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀, kí a sì jẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ ní ibi iṣẹ́ mọ ìdí tí kò fi wá. Agbọ́tí ọba tí Josẹfu bẹ̀ pé kí ó rántí òun, ọdún méjì gbáko ni ó fi gbàgbé rẹ̀. Kì í ṣe pé ó kórìíra rẹ̀. Ara ti tù ú ni. Ìgbàgbé bẹ́ẹ̀ ni kí a bẹ̀rù jù lọ.

23. Ní ìparí, kí a tún dí ọ̀nà kí omi tó wọlé. Kí arìnrìn-àjò má ṣe gba ẹrù ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n ìyàwó. Kí ó má ṣe fi pásípọ́ọ̀tù àti tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lé ọwọ́ ẹni tí ó ní òun yóò bá a ṣe é kíákíá. Kí ó dúró ti ẹrù rẹ̀ títí wọn yóò fi so ìwé mọ́ ọn, kí ó ka iye ìwé tí wọ́n fún un, kí ó sì rí i pé kò ju iye àpò rẹ̀ lọ. Kí ó ya àwòrán àpò náà, kí ó fi ránṣẹ́ sílé kí ó tó wọ ọkọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni gbogbo rẹ̀ yóò gbà, ṣùgbọ́n bí ọ̀ràn bá dé, àwòrán náà lè di ẹnu kejì tí adájọ́ yóò gbọ́.

24. Gbogbo ìjọ ni ó gbàdúrà nígbà tí Peteru wà nínú ẹ̀wọ̀n, a ó sì máa gbàdúrà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Heberu 13:3 ní kí a rántí àwọn tí ó wà nínú ìdè bí ẹni pé àwa náà wà nínú ìdè pẹ̀lú wọn. Ẹni tí ó wà nínú ìdè kì í sùn gbàgbé ọ̀ràn ara rẹ̀. Kí Juda wà láàárín wa, kí ó má ṣe jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìríjú náà sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n Benjamini, kí ni wọ́n sì ṣe? (ìpínrọ̀ 2)
2. Níbo ni ẹ̀rí tí ó ran akẹ́kọ̀ọ́ Kánò náà lọ́wọ́ ti wá, ta ni ó sì kọ́kọ́ béèrè fún un? (ìpínrọ̀ 6–8)
3. Kí ni ó mú kí ti ọdún 2025 yára ju ti ọdún 2018 lọ? (ìpínrọ̀ 9)
4. Kí ni kọ́ńsúlù lè ṣe, kí ni kò sì lè ṣe? (ìpínrọ̀ 10–13)
5. Ohun mẹ́ta wo ni ọmọ arábìnrin Paulu ṣe tí ó yẹ kí a fi ṣe àwòkọ́ṣe? (ìpínrọ̀ 14)
6. Ta ni nínú ìjọ wa ni ó lè kọ ìwé sí àwọn aláṣẹ, ta ni ó sì mọ ọ̀nà Àbújá? Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí ìpàdé tó tú.

Iṣẹ́ ilé: Kí olúkúlùkù ilé tí ó ní ẹnìkan ní òkè òkun tàbí ní ilẹ̀ Niger ṣe fótókọ́pì pásípọ́ọ̀tù ẹni náà, kí ó kọ àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ àti nọ́ńbà ilé ikọ̀ Nàìjíríà tí ó súnmọ́ ọn sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó sì fi pamọ́ síbi tí ẹni méjì mọ̀.